Ṣé ìdọ́gba ni kí obìnrin bèèrè, àbí kí òfin gbà pé ó yàtọ̀?

Ọmọ Èbúté-Mẹ́ta béèrè pé:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Ọ̀rọ̀ kan ti dá àríyànjiyàn sílẹ̀ nínú ẹgbẹ́ ìkàwé wa tó máa ń pàdé ní Yábàá, mo sì fẹ́ kí ẹ bá wa dá sí i, nítorí pé fún èmi kì í ṣe ọ̀rọ̀ inú ìwé nìkan.

Ilé-iṣẹ́ kan ní Ìlúpéjú ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ní ẹ̀ka tí a ti ń di ọjà sínú páálí. Láìpẹ́ yìí ni àwọn ọ̀gá lẹ ìwé kan mọ́ ara ògiri, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí a ti máa ń fọwọ́ síwèé tí a bá wọlé, pé láti ìgbà náà lọ kò sí obìnrin tí yóò ṣe iṣẹ́ òru mọ́, pé òfin ìjọba àpapọ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀, àti pé nítorí ààbò wa ni. Ẹ sì wò ó, iṣẹ́ òru yẹn gan-an ni wọ́n ń san owó àjẹmọ́nú lé lórí. Obìnrin kan tí a jọ ń dúró sídìí ẹ̀rọ kan náà, tó jẹ́ pé owó yẹn ló fi ń san owó ilé-ìwé ọmọ rẹ̀, ka ìwé náà tán, ó ní, "Ta ló bẹ̀ wọ́n?" Ṣùgbọ́n ẹlòmíràn tí oyún rẹ̀ ti ń yọ síta dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run níwájú ìwé kan náà, nítorí pé kò mọ bí òun ṣe fẹ́ sọ fún ọ̀gá pé òun kò lè dúró di òwúrọ̀ mọ́.

Nígbà tí mo gbé ọ̀rọ̀ náà dé ẹgbẹ́ ìkàwé, a pín sí méjì. Àwọn kan ní ìdọ́gba ni ká máa bèèrè, kí òfin má ṣe mọ obìnrin yàtọ̀ sí ọkùnrin rárá, nítorí pé gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ti dárúkọ ìyàtọ̀ wa, ilé ìdáná ni wọ́n ń dá wa padà sí. Àwọn yòókù ń ka ìwé Luce Irigaray lọ́wọ́, obìnrin onímọ̀ fìlọ́sọ́fì kan, wọ́n ní obìnrin yàtọ̀ ní tòótọ́, àti pé òfin tó bá ṣe bí ẹni pé kò yàtọ̀, òfin ọkùnrin ni. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ nìyí: kí ni àwọn onímọ̀ fìlọ́sọ́fì wọ̀nyí ń sọ gan-an nípa ìyàtọ̀ obìnrin àti ọkùnrin, kí ló sì kan òṣèlú nínú rẹ̀? Ṣé ohun ìjà ni fún wa, àbí ohun ìjà tí a fẹ́ kó lé ọ̀gá mi lọ́wọ́?

Olùkọ́ Àkọkà fèsì pé:

Ẹ ṣeun fún ìbéèrè yìí. Fìlọ́sọ́fì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ, mo sì ti rí i pé ohun tí Irigaray kò sọ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń bá a jà. Ẹ jẹ́ ká mú un láti ìdí rẹ̀.

Ní ọdún 1949, ọdún márùn-ún péré lẹ́yìn tí àwọn obìnrin ilẹ̀ Faransé gba ẹ̀tọ́ ìdìbò, Simone de Beauvoir, obìnrin onímọ̀ fìlọ́sọ́fì ilẹ̀ Faransé, tẹ ìwé ńlá kan jáde, níbi tó ti fi hàn pé nínú gbogbo èrò tí wọ́n jogún bá, ọkùnrin ni wọ́n ń pè ní ènìyàn, obìnrin sì wá di ẹnìkejì tí a kò lè ṣàlàyé láìkọ́kọ́ dárúkọ ọkùnrin. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó kà á ló gbà pé ojútùú rẹ̀ ni kí obìnrin náà wọ inú ayé tí ọkùnrin ti ń ṣiṣẹ́, tó ti ń ṣòwò, tó ti ń ṣèjọba, kí wọ́n má sì fi ara rẹ̀ dí i lọ́nà.

Irigaray, tí wọ́n bí ní Bẹ́ljíọ̀mù ṣùgbọ́n tó ṣiṣẹ́ ní Paris, kò bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Ìwé tó fi di ẹni tí a mọ̀ jáde ní ọdún 1974. Freud, oníṣègùn tó dá ìmọ̀ ìtúpalẹ̀ ọkàn ènìyàn sílẹ̀, ló fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó sì fi Plato, onímọ̀ fìlọ́sọ́fì ilẹ̀ Gíríìsì àtijọ́, parí rẹ̀, bí ẹni tó ń fi ẹ̀yìn rìn wọ inú ilé àwọn bàbá. Ó mú un jáde pé nígbà tí Freud ń ṣàlàyé bí ọmọbìnrin ṣe ń dàgbà, ọmọkùnrin kékeré kan tí nǹkan kan kù lára rẹ̀ ló ń ṣàpèjúwe. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí nínú ìwé àwọn tó ṣáájú Freud: obìnrin ni ọkùnrin tí a yọ nǹkan kúrò lára rẹ̀, tàbí ilẹ̀ tí ọkùnrin dúró lé, tàbí dígí tí ọkùnrin fi ń wo ara rẹ̀. Ibi tí Irigaray wá já sí ni èyí tí àwọn ènìyàn kì í dúró gbọ́. Kò sọ pé wọ́n ti ka obìnrin sí ẹni tó yàtọ̀ jù. Ohun tó sọ ni pé wọn kò tíì gbà kí ó yàtọ̀ rí. Ẹyọ kan ṣoṣo ló wà nínú ìrònú wọn, èkejì sì jẹ́ ẹyọ náà kan náà tí kò péye. Ìwé yìí ná an ní iṣẹ́ olùkọ́ tó ń ṣe ní yunifásítì Vincennes.

Nítorí náà, tí ẹnìkan bá ní kí obìnrin dọ́gba, ìbéèrè Irigaray ni pé: pẹ̀lú ta ni? Tí òṣùwọ̀n bá jẹ́ ọkùnrin tí kì í lóyún, tí ẹlòmíràn ń tọ́jú ọmọ rẹ̀ nílé, tó lè wọ dánfó ní agogo méjìlá òru láìwẹ̀yìn, ìdọ́gba á jẹ́ kí obìnrin náà ṣe bí ọkùnrin yẹn, tí kò bá sì lè ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ̀bi tirẹ̀ nìyẹn. Láti nǹkan bí ọdún 1980 lọ ló wá yí ojú sí òfin tààrà. Ó bá àwọn obìnrin inú ẹgbẹ́ òṣèlú Kọ́múníìsì ilẹ̀ Ítálì ṣiṣẹ́, ó sì ń dábàá pé kí a kọ ẹ̀tọ́ sílẹ̀ fún obìnrin gẹ́gẹ́ bí obìnrin: ẹ̀tọ́ lórí ara rẹ̀, ẹ̀tọ́ láti yan bóyá òun yóò bímọ àti ìgbà tí òun yóò bí i, kí ìjọba tàbí ìjọ ẹ̀sìn má sì lè fi nǹkan wọ̀nyí ṣòwò.

Ní Ítálì náà ni ọ̀rọ̀ ọ̀hún ti dàgbà jù, lójú tèmi. Carla Lonzi, obìnrin òǹkọ̀wé ibẹ̀ kan, ti kọ̀wé ní ọdún 1970 pé ìdọ́gba tí wọ́n ń fi lọ obìnrin jẹ́ ọ̀nà láti mú un wọ inú ayé tí àwọn ẹlòmíràn ti parí. Ní ọdún 1975, àwọn obìnrin kan ṣí ilé ìtàwé kan ní Milan, àwọn ni wọ́n sì wá mú ìṣe kan jáde tó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á: kí obìnrin kan fi ara rẹ̀ sí abẹ́ obìnrin mìíràn tó jù ú lọ ní ìmọ̀ tàbí ní ìgboyà, kí ó gbà ní gbangba pé ó ju òun lọ, kí ó sì gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ wọ inú ayé, dípò kí ó máa gba ọ̀dọ̀ bàbá tàbí ọkọ. Wọ́n ní nígbà tí àwọn obìnrin bá ń díbọ́n láàárín ara wọn pé ọgba ni gbogbo àwọn, ọlá ọkùnrin nìkan ló máa ń ṣẹ́kù ní ìta.

Èmi kò gba gbogbo rẹ̀ wọlé. Irigaray lágbára níbi tó ti ń bèèrè ẹni tó jẹ́ òṣùwọ̀n. Ó ń rẹ̀ sílẹ̀ níbi tó ti ń fẹ́ sọ ohun tí obìnrin jẹ́. Ó tún kọ ọ́ pé ìyàtọ̀ obìnrin àti ọkùnrin jinlẹ̀ ju ti ẹ̀yà àti àwọ̀ lọ, ọ̀rọ̀ tó rọrùn láti sọ ní Paris ju ní ìlú tí òyìnbó ti ṣèjọba lé lórí lọ. Àwọn tí ara wọn kò bá méjèèjì mu kò sì rí ibi dúró sí nínú ìwé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ti ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri yín, ìbéèrè rẹ̀ wúlò: ta ló sọ ìyàtọ̀ yín fún ọ̀gá yín?

Agbẹjọ́rò Ìgbóṣẹ̀rẹ̀ fèsì pé:

Ẹ jẹ́ kí n dáhùn ìbéèrè ìparí Olùkọ́, nítorí pé òfin náà wà nílẹ̀. Abala 55 nínú Òfin Iṣẹ́ ni ọ̀gá yín ń tọ́ka sí. Ó ní wọn kò gbọdọ̀ gba obìnrin sí iṣẹ́ òru ní ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ tàbí ní iṣẹ́ ọ̀gbìn, òru tó sì ń wí ní ti ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ kó agogo mẹ́wàá alẹ́ sí agogo márùn-ún ìdájí sínú. Ẹ wá wo àwọn tí òfin náà yọ sílẹ̀: nọ́ọ̀sì, àti obìnrin tó wà ní ipò ọ̀gá tí kì í fi ọwọ́ ṣiṣẹ́. Nítorí náà, ara obìnrin tó ń gbẹ̀bí fún ẹlòmíràn ní Island Maternity lágbára tó láti rí òru, ti obìnrin tó jókòó nínú ọ́fíìsì náà lágbára tó, àfi ti ẹni tó dúró sídìí ẹ̀rọ nìkan ni òru yóò pa. Ẹ bá mi wò ó bóyá ara obìnrin ni òfin yìí ń wò lóòótọ́.

Ẹ má sì gbàgbé abala tó ṣáájú rẹ̀. Abala 54 fún obìnrin ní ọ̀sẹ̀ méjìlá ìsinmi ìbímọ, mẹ́fà ṣáájú, mẹ́fà lẹ́yìn, pẹ̀lú ó kéré tán ìdajì owó oṣù fún ẹni tó bá ti lo oṣù mẹ́fà lẹ́nu iṣẹ́, àti ìdajì wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ láti fi fún ọmọ lọ́mú. Òfin kan náà, ojú ewé kan náà, ìyàtọ̀ kan náà ni wọ́n ń sọ. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tó ṣáájú ìbímọ jẹ́ ẹ̀tọ́ tí obìnrin fúnra rẹ̀ ń mú ìwé dókítà wá bèèrè, nígbà tí abala 55 kò bèèrè nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn ìbímọ jẹ́ dandan, mo mọ̀, mi ò sì tíì rí obìnrin tó bá a jà. Níbi tí mo dúró sí, ọ̀nà tí wọ́n gbà kọ ìyàtọ̀ sínú òfin ló yẹ ká máa yẹ̀ wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe bóyá ó yẹ kó wà níbẹ̀ tàbí kó má wà.

Ìwé Òfin orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 1999 fúnra rẹ̀ kò tíì mọ èwo ló fẹ́. Abala 42 ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jìyà nítorí pé ó jẹ́ akọ tàbí abo, abala yẹn náà sì ni Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ fi dájọ́ ní 11 Oṣù Kẹrin ọdún 2014, nínú ẹjọ́ Ukeje tó bẹ̀rẹ̀ níhìn-ín ní Èkó, pé àṣà Ígbò tí kì í jẹ́ kí ọmọbìnrin jogún bàbá rẹ̀ kò bá òfin mu. Síbẹ̀, abala 26 gba obìnrin àjèjì tó fẹ́ ọmọ Nàìjíríà láyè láti di ọmọ ilẹ̀ wa, kò sì ní irú rẹ̀ fún ọkùnrin àjèjì tó fẹ́ ọmọbìnrin wa. Abala 29 sì ní obìnrin tó bá ti wọlé ọkọ ti di àgbà, ohun yòówù kí ọjọ́ orí rẹ̀ jẹ́. Àwọn aṣòfin àgbà gbìyànjú láti yọ gbólóhùn yẹn ní ọdún 2013, wọn kò rí i yọ.

Kí àwa Yorùbá má sì máa rẹ́rìn-ín àwọn Ígbò. Lóòótọ́ ni ọmọbìnrin ń jogún nílé tiwa. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹjọ́ Dáwódù àti Dáńmọ́lé, ẹjọ́ ogún ọkùnrin ará Èkó kan tó kú ní ọdún 1940, tó ní ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án. Ẹjọ́ náà dé ọ̀dọ̀ àwọn adájọ́ ọba ní London, wọ́n sì fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní ọdún 1962 pé ìdí-igi ni àṣà wa: iye ìyàwó tó bímọ ni a ó fi pín in, kì í ṣe orí-ò-jorí. Nítorí náà, ìyá ni òṣùwọ̀n. Orúkọ rẹ̀ ni a fi ń mọ ìdí kọ̀ọ̀kan, òun la fi ń ṣírò, a ó sì pín ogún náà tán láìsí pé kọ́bọ̀ kan dé ọwọ́ òun fúnra rẹ̀, nítorí pé lábẹ́ àṣà wa opó kì í jogún ọkọ. Tí Irigaray bá mọ ẹjọ́ yìí ni, ì bá kọ odindi orí kan lé e lórí.

Ará Muṣin fèsì pé:

Mo ti ka gbogbo èyí tí ẹ kọ, ẹ kú làálàá. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí a fi ń gbé ìjà Faransé wọ Ìlúpéjú? Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyèrónkẹ́ Oyěwùmí ti kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ ní ọdún 1997 pé ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́ àtijọ́, kì í ṣe akọ tàbí abo ni a fi ń to ènìyàn, ẹni tó ṣáájú wọlé ni àgbà. Ọmọbìnrin tí a bí sínú agbo ilé jẹ́ ọkọ fún gbogbo ìyàwó tí wọ́n bá gbé wá lẹ́yìn tí wọ́n bí i, ó sì ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ títí di òní nínú ilé wa. Àwọn òyìnbó tó wá ṣèjọba ló yan ọkùnrin nìkan sí ipò, ló yan ọkùnrin nìkan sí iṣẹ́ akọ̀wé, tí wọ́n sì sọ obìnrin di ìsọ̀rí kan. Abala 55 tí Agbẹjọ́rò kà yẹn, òfin òyìnbó náà ni. Ẹ jẹ́ ká padà sílé ká tó máa wá ìyàtọ̀ kiri.

Olùkọ́ Tó Ń Taṣọ ní Ìdúmọ̀tà fèsì pé:

Ará Muṣin, ọmọ mi, o kú òye. Mo kọ́ni ní ilé-ìwé gírámà kí n tó fẹ̀yìntì, aṣọ ni mo ń tà báyìí, mo sì ti ka ìwé tí o dárúkọ. Ìwé ńlá ni, ó sì tún ojú wa ṣe. Ṣùgbọ́n ìyàwó ilé ni èmi náà rí. Ẹni tó bá kẹ́yìn wọlé ni yóò kọ́kọ́ jí, òun ni yóò gbálẹ̀, òun ni yóò kúnlẹ̀ fún ọmọ ọdún méje tó jẹ́ ọkọ rẹ̀. Báwo ló ṣe jẹ́ pé nínú gbogbo agbo ilé tí mo mọ̀, obìnrin ló ń kẹ́yìn wọlé? Ọkùnrin ń bẹ níbi tí wọ́n bí i sí, ipò àgbà rẹ̀ ń ga sí i lọ́dọọdún láìkúrò lójú kan. Èmi kó ẹrù mi, mo sì bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Bibi Bakare-Yusuf, obìnrin onímọ̀ ọmọ Nàìjíríà, ti fèsì sí ìwé náà lọ́nà tó jọ èyí, pé ipò àgbà máa ń dà pọ̀ mọ́ agbára mìíràn, ó sì lè bo ìyà mọ́lẹ̀ nínú ilé. Ìyẹn kò sọ pé irọ́ ni Oyěwùmí pa nípa àwọn òyìnbó o. Lóòótọ́ ni wọ́n yan ọkùnrin nìkan.

Kí a tó dárúkọ Paris tàbí Ọ̀yọ́, ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ ní ọjà Erékò, tí kò jìnnà sí ibi tí mo ti ń tajà. Alímọ̀tù Pẹlẹwúrà ni alága ọjà yẹn, kò mọ̀wé kọ, kò mọ̀wé kà, ó sì jẹ́ olórí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ọlọ́jà Èkó títí tó fi kú ní ọdún 1951. Ní ọdún 1940 ni ìjọba ní kí obìnrin tó bá ń rí ju £50 lọ lọ́dún máa san owó orí. Àwọn ọlọ́jà ti ọjà, wọ́n rọ́ lọ bá kọmíṣọ́nà, wọ́n sì fi ipá mú ìjọba gbé iye owó náà sókè kí ó má baà kan ọ̀pọ̀ nínú wọn. Obìnrin Èkó kò tíì ní ìbò nígbà náà. Ní àsìkò ogun Hitler, tí ìjọba ní àwọn ni yóò máa dá iye fún gàrí àti oúnjẹ mìíràn, Pẹlẹwúrà yìí kan náà ni kò gbà fún wọn.

Ṣé Pẹlẹwúrà ń wí pé òun bá ọkùnrin dọ́gba ni, àbí pé òun yàtọ̀? Méjèèjì ló ń wí, bí ọjọ́ bá ṣe rí. Bí ọkùnrin bá ń san owó orí tó sì ń dìbò, obìnrin tí kò lè dìbò kò gbọdọ̀ san án: ìdọ́gba nìyẹn. Ẹ má sì fi ọwọ́ kan ọjà, nítorí pé ọwọ́ àwa obìnrin ló wà: ìyàtọ̀ nìyẹn. Àwọn ará Abẹ́òkúta ṣe tiwọn pẹ̀lú Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti. Owó orí wọn yàtọ̀ sí ti ọkùnrin, ọmọbìnrin sì ń bẹ̀rẹ̀ sí í san án ṣáájú ọmọkùnrin. Wọ́n kọ ìwé ẹ̀bẹ̀, wọ́n gba agbẹjọ́rò, wọ́n bèèrè ìjókòó nínú ìgbìmọ̀. Nígbà tí ìyẹn kò tó, wọ́n jókòó sẹ́nu ọ̀nà ààfin, wọ́n sì kọ orin tó fi ara obìnrin halẹ̀ mọ́ ọba, orin tí mi ò lè kọ síhìn-ín nítorí àwọn ọmọdé. Aláké fi orí oyè sílẹ̀ ní Oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1949. Ọdún yẹn náà ni ìwé Beauvoir jáde.

Ní ti àwọn obìnrin Milan tí Olùkọ́ Àkọkà sọ̀rọ̀ wọn, ìṣe wọn kò ṣàjèjì sí mi. Ọmọ tó wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi kì í pe ara rẹ̀ ní ọgba mi. Mo ń kọ́ ọ bí a ṣe ń fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá pa etí léèsì láti mọ èyí tí òwú rẹ̀ yóò tú, àti irú oníbàárà tí a ń tà fún láwìn: kì í ṣe ẹni tó ń pariwo owó, ẹni tó ń bèèrè iye gan-an kó tó fọwọ́ kan aṣọ ni. Ohun tí mo mọ̀ tí òun kò mọ̀ ló jẹ́ kó lè dúró lọ́jà. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí àwọn ará Milan wá wo ọjà wa nígbà ìbò. Olóṣèlú yóò wá kí àgbà ọjà, wọn yóò pín aṣọ ẹgbẹ́jọdá, a ó sì gbọ́ lọ́jọ́ kejì pé gbogbo ọjà ti fọwọ́ sí i. Ipò àgbà tí obìnrin fún obìnrin náà ni wọ́n kó lọ fún ọkùnrin yẹn. Ta ló wá bèèrè lọ́wọ́ ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi?

Mùsùlùmí ni mí, n kì í dífá, ṣùgbọ́n ìtàn ni ìtàn. Ẹ rántí Ọ̀ṣun nínú Ọ̀ṣẹ́ Tùúrá. Àwọn irúnmọlẹ̀ mẹ́rìndínlógún wá sílé ayé, ọkùnrin ni gbogbo wọn, wọn kò ka Ọ̀ṣun tó jẹ́ ìkẹtàdínlógún mọ́ wọn. Òjò kò rọ̀, àgàn kò bímọ, gbogbo ohun tí wọ́n dáwọ́ lé bàjẹ́, títí Olódùmarè fi bi wọ́n léèrè pé ìkẹtàdínlógún yín dà. Gbogbo ènìyàn máa ń dá ìtàn náà dúró síbẹ̀ láti fi yin obìnrin. Èmi máa ń sọ ọ́ débi tí wọ́n ti bẹ Ọ̀ṣun, tó ní òun lóyún, bí ọmọ náà bá jẹ́ ọkùnrin, òun náà ni yóò máa bá wọn jókòó. Ọkùnrin ló bí. Ìyá ni agbára náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọmọkùnrin ló lọ sí ìpàdé. Kí ẹ máa rò ó.

Ọmọ Èbúté-Mẹ́ta fèsì pé:

Màmá, ẹ ṣeun púpọ̀, n óò ka ìdáhùn yín sókè fún ẹgbẹ́ ìkàwé. Olùkọ́ Àkọkà, ohun kan ṣì ń dùn mí. Tí ọ̀rọ̀ bá rí bí Màmá ṣe sọ ọ́, ṣé ìjókòó tí a yà sọ́tọ̀ fún obìnrin nílé aṣòfin kọ́ ló kù? Mo rántí àbá tó fẹ́ fi ìjókòó 111 kún ti tẹ́lẹ̀ fún obìnrin, 37 nílé àgbà, 74 nílé aṣojú-ṣòfin, tí wọ́n sì dà á nù ní 1 Oṣù Kẹta ọdún 2022. Nínú ìdìbò ọdún 2023, obìnrin mẹ́ta péré ni wọ́n kọ́kọ́ kéde pé ó wọ ilé àgbà nínú 109, ọ̀kan nínú wọn láti Ìwọ̀-Oòrùn Èkó wa níbí.

Olùkọ́ Àkọkà fèsì pé:

Ilẹ̀ Faransé gan-an lẹ ó ti rí ìdáhùn, torí pé òfin wọn di wọ́n lọ́wọ́ ju tiwa lọ. Ní ọdún 1982, ìgbìmọ̀ tó ń dáàbò bo ìwé òfin wọn wọ́gi lé òfin kan tó fẹ́ kí orúkọ akọ tàbí abo má ṣe ju ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin lọ nínú ìwé olùdíje ìbò ìlú, pé ọmọ orílẹ̀-èdè kò ṣeé pín sí ìsọ̀rí. Àwọn obìnrin padà wá pẹ̀lú àlàyé mìíràn, tí fìlọ́sọ́fì wà nínú rẹ̀: obìnrin kì í ṣe ìsọ̀rí bíi ti ẹlẹ́sìn tàbí ti oníṣẹ́ ọwọ́, nítorí pé nínú gbogbo ìsọ̀rí la ti ń bá obìnrin àti ọkùnrin. Sylviane Agacinski, obìnrin onímọ̀ fìlọ́sọ́fì ibẹ̀, gbèjà rẹ̀ pé méjì ni ọmọ ènìyàn. Élisabeth Badinter, tí òun náà jẹ́ onímọ̀ fìlọ́sọ́fì, sì kọ̀ jálẹ̀ pé ẹ̀yin ń dá wa padà sínú ara tí a ti ń jà láti jáde kúrò nínú rẹ̀. Wọ́n tún ìwé òfin ṣe ní ọdún 1999, òfin ìdajì-ìdajì sì jáde ní ọdún 2000. Níbi tí ìwé olùdíje ti jẹ́ dandan, obìnrin kún inú ìgbìmọ̀. Ní ti ilé aṣòfin àpapọ̀, owó ìrànwọ́ ni wọ́n ń gé fún ẹgbẹ́ tó bá kọ̀, àwọn ẹgbẹ́ ńlá sì yàn láti máa pàdánù owó náà.

Èmi ì bá fọwọ́ sí ìjókòó 111 yẹn, ṣùgbọ́n ìbéèrè Màmá ṣì wà níbẹ̀: ta ni yóò yan àwọn tí yóò jókòó? Tí ó bá jẹ́ pé ọ̀gá ẹgbẹ́ ni, ọmọ Ọ̀ṣun náà la tún rán lọ.

Agbẹjọ́rò Ìgbóṣẹ̀rẹ̀ fèsì pé:

Ọmọ Èbúté-Mẹ́ta, kí ìjókòó tó dé, ìwé tó wà lára ògiri yín ń dúró. Ẹ kọ lẹ́tà. Ẹ má kọ ọ́ pé obìnrin àti ọkùnrin kò yàtọ̀, nítorí pé ẹni tó lóyún yóò ṣàì fọwọ́ sí i, ẹ ó sì pàdánù rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ pé ẹ fẹ́ kí obìnrin kọ̀ọ̀kan máa sọ fúnra rẹ̀ bóyá òun lè ṣe iṣẹ́ òru. Pé aboyún àti ìyá ọlọ́mọ lọ́wọ́ yóò máa ṣe iṣẹ́ ọ̀sán láìpàdánù ipò. Àti pé kí ilé-iṣẹ́ pèsè ọkọ̀ fún gbogbo ẹni tó bá ń jáde lóru, lọ́kùnrin lóbìnrin, nítorí pé àwọn olè ojú ọ̀nà Ìkòròdú kì í bèèrè akọ tàbí abo. Ọ̀gá yín yóò fi abala 55 dáhùn, ó sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ títí ilé ẹjọ́ yóò fi sọ bóyá ó bá abala 42 mu. Ilé Ẹjọ́ Òṣìṣẹ́ tó wà ní Ìkòyí ni a ti lè bèèrè ìyẹn, ṣùgbọ́n ẹjọ́ náà nílò olùpẹ̀jọ́ tó ti pàdánù owó gan-an. Mo rò pé ẹ ti ní ọ̀kan sídìí ẹ̀rọ yín. Kí ẹ sì jẹ́ kí aboyún náà wà lára àwọn tí yóò kọ lẹ́tà yẹn, kí ó má ṣe jẹ́ ẹni tí ẹ kàn dárúkọ rẹ̀ nínú rẹ̀. Ẹ fún ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ní ẹ̀dà kan kí ti ọ̀gá tó dé ọwọ́ rẹ̀.